Ṣé Ó Tọ́ Kí Káàdì Kan Ṣoṣo Máa Dá Gbogbo Káàdì Dúró?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbára tí kò mèrò, baba ọ̀lẹ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọn tó ń ru ẹrù lọ́jà ni òwe yìí ń bá wí. Eré káàdì ni mo fi wá mọ̀ pé ó ń bá èmi náà wí.

Nígbà ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá, èmi àti àbúrò mi, ọmọ ọdún 11, ń ta ayò Whot ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ẹni tó bá mọ Whot mọ̀ pé bí ẹnì kan bá fi 2 lélẹ̀ tó sì pariwo "pick two", ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ lọ sí ọjà kí ó mú káàdì méjì. Nílé wa, 2 nìkan ló lè dá 2 dúró. Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi fi 2 lélẹ̀ fún mi. Mi ò ní 2 kankan, ṣùgbọ́n 20 wà lọ́wọ́ mi. Ni mo bá fi 20 lé e, mo ní láti òní lọ, 20 lè dá 2 dúró.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀."

Mo dá a lóhùn pé, "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?"

Ó dákẹ́. Mo borí. Ó kó káàdì jọ, ó dìde, kò sì bá mi ta Whot mọ́ títí a fi wọlé sáà tuntun.

Kí ni mo ṣe tó burú? Káàdì 54 ló wà nínú Whot, márùn-ún nínú wọn sì ni 20. Orí káàdì yòówù ni a lè fi 20 lé, ẹni tó fi lélẹ̀ ni yóò sì sọ irú àwòrán tó fẹ́. Ṣùgbọ́n 20 ní ẹrù tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá parí tí àwọn tó kù sì ń ka iye tó wà lọ́wọ́ wọn, 20 ni a ó kà sí ọ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ kò sí káàdì mìíràn tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ ju 14 lọ. Ẹni tó bá fi pamọ́ pẹ́ jù, ewu ni ó fi pamọ́. Nígbà tí mo ní kí ó máa dá 2 dúró pẹ̀lú, mo fi kún agbára rẹ̀, mi ò fi kún ẹrù rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan, tó wá ṣọdún láti Lọ́ńdọ̀nù, ń wò wá. Kò bá mi wí. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ti ṣe Mental Misstep." Mi ò mọ ohun tó ń sọ, àfi ìgbà tó ṣàlàyé.

Ọdún 1993 ni eré káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Magic: The Gathering jáde ní Amẹ́ríkà. Richard Garfield ló ṣe é. Kò dà bíi Whot tí gbogbo wa jọ ń fà láti inú ọjà kan. Olúkúlùkù ló ń ra káàdì tirẹ̀, tó ń ṣa èyí tó wù ú, tó sì ń kó 60, ó kéré tán, wá sójú eré. Ẹ̀mí 20 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó lo káàdì, ó ní láti fi agbára tí wọ́n ń pè ní mana san owó rẹ̀. Láti ara káàdì ilẹ̀ ni mana ti sábà máa ń wá, àwọ̀ márùn-ún ló sì ní: funfun, búlúù, dúdú, pupa àti àwọ̀ ewé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni káàdì kan tó ń jẹ́ Counterspell ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá káàdì tí ẹnìkejì ń lò dúró kí ó tó ṣiṣẹ́. Agbára ńlá ni, ṣùgbọ́n mana búlúù méjì ni owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní búlúù kò lè lò ó. Ẹni tó ní in pàápàá gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ méjì sílẹ̀ láìlò nígbà tó kàn án, kí ó lè fi ṣọ́ ẹnìkejì. Ohun tó fi ń ṣọ́nà ni kò fi roko.

Ní ọdún 2011, Mental Misstep dé. Kìkì káàdì tí owó rẹ̀ jẹ́ mana kan ló ń dá dúró, nítorí náà ènìyàn lè rò pé kò lágbára tó Counterspell. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó rẹ̀: mana búlúù kan, tàbí ẹ̀mí méjì nínú 20. Ẹni tí kò ní búlúù rárá lè fi ẹ̀mí san án. Ẹni tí kò tíì fi ilẹ̀ kankan lélẹ̀ lè lò ó. Nínú irú ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Legacy, níbi tí wọ́n ti gba àwọn káàdì àtijọ́ láàyè, káàdì olówó mana kan pọ̀ lọ jàra, wọ́n sì wà lára àwọn tó dára jù. Bí àwọn tó ń díje ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó Mental Misstep rù nìyẹn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé mana kan ni owó Mental Misstep fúnra rẹ̀, nítorí náà Mental Misstep mìíràn lè dá a dúró. Àrùn náà di oògùn ara rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n kéde pé kò gbọ́dọ̀ wọ Legacy mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí gbogbo ènìyàn ló lè lò ó. Ìdáhùn mi ni pé dídọ́gba nìkan kọ́ ni ẹ̀tọ́. Bí wọ́n bá ní kí olúkúlùkù nínú kíláàsì wa máa fi ọwọ́ bo ẹnu ẹni tó jókòó tì í, gbogbo wa ló ní ọwọ́, gbogbo wa ló ní ẹnu, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè olùkọ́ mọ́. Agbára láti sọ pé "dúró" dára nígbà tí ó bá ń ná ẹni tó ń lò ó ní nǹkan, tó fi ní láti ronú kí ó tó lò ó. Bí kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ná an ní ohunkóhun, ọwọ́ rẹ̀ á kàn máa lọ ni. Ibẹ̀ ni agbára ti ń di baba ọ̀lẹ.

Èyí tó le jù fún mi láti dáhùn ni ti àwọn tó fi owó wọn ra káàdì náà. Wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òfin sì dé bá wọn. Mi ò lè sọ pé wọn kò pàdánù. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gba káàdì náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣì lè fi í ṣeré láàárín ara wọn nílé. Wọ́n sì kéde òfin náà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, fún gbogbo ènìyàn. Èmi ńkọ́? Àárín eré ni mo ti yí òfin padà, lẹ́yìn tí mo ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé 20 kọ́ ni mo fi borí àbúrò mi. "Ta ni ẹ̀gbọ́n?" ni káàdì tí mo lò. Mi ò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n kàn kọ́kọ́ bí mi ni. Ó ń dá ìbéèrè dúró, ó ń dá ẹ̀bẹ̀ dúró, ó ń dá òtítọ́ pàápàá dúró. Ó tún burú ju Mental Misstep lọ, torí pé àbúrò mi kò lè ní irú rẹ̀ láéláé.

Mi ò sọ pé kí a fòfin de ipò ẹ̀gbọ́n o. Bí ọmọdé bá fẹ́ sáré sójú títì, "dúró" ni a ó sọ, a kò ní kọ́kọ́ jókòó jiyàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó bá lò ó san owó rẹ̀: kí ó ṣàlàyé ìdí nígbà tí ewu bá kọjá, kí ó sì gbà pé òun jẹ̀bi nígbà tí ó bá jẹ̀bi.

Owó tí èmi san nìyẹn. Mo lọ bá àbúrò mi, mo ní mo jẹ̀bi, mo sì ní kí a kọ òfin Whot ilé wa sínú ìwé. Ó béèrè bóyá òun náà lè mú òfin kan wá. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ yí òfin padà, ó di eré tó ń bọ̀, kí a tó pín káàdì. Mo rò ó títí, mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Kí a tó pín káàdì, kò sí ẹni tó mọ èyí tí yóò bọ́ sí òun lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ṣe òfin fún ara rẹ̀ nìkan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé kò tọ́ kí káàdì kan ṣoṣo máa dá gbogbo káàdì dúró, àfi bí ẹrù rẹ̀ bá tó agbára rẹ̀, tí a sì ti fẹnu kò sí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Òfin àbúrò mi ni nọ́ńbà kìíní nínú ìwé wa. Lálẹ́ ọjọ́ tí a kọ ọ́, ó fi 2 lélẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. 20 wà lọ́wọ́ mi. Mo lọ sí ọjà.