KÍ NI ORÚKỌ RẸ? Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Lórí Òtítọ́ Nínú Fọ́ọ̀mù Iṣẹ́ Ọlọ́pàá

Ibi kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 27:1–29, Jẹ́nẹ́sísì 32:22–31

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n ó wà nínú ilé púpọ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó ti fa igbó rí ni, tàbí tí ó ti lo oògùn olóró mìíràn rí, tí ó ti jáwọ́, tí ó wá ń wá iṣẹ́ ọlọ́pàá báyìí. Fọ́ọ̀mù dé iwájú rẹ̀, tàbí ó jókòó níwájú àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì bi í pé: ǹjẹ́ ó ti lo oògùn olóró rí? Kí ni kí ó sọ? Kí sì ni ìyá rẹ̀ yóò ní kí ó sọ?

Ìbéèrè kejì yìí ni ó kan àwa obìnrin jùlọ. Ọmọ kì í sábà dá irú irọ́ yìí pa. Yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná lálẹ́, ìyá yóò sì wo iye ọdún tí ọmọ ti fi jókòó sílé láìníṣẹ́, yóò ní, "Kọ 'Rárá' síbẹ̀, jàre. Ta ni ó rí ọ? Ṣebí Ọlọ́run ti dárí jì ọ́." Ìfẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé ìyá kan dé nínú Ìwé Mímọ́.

ÌYÁ TÍ Ó KỌ́ ỌMỌ RẸ̀ NÍ ÌDÁHÙN

Ísáákì ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Ó fẹ́ súre fún Ésáù, àkọ́bí rẹ̀. Rèbékà gbọ́, ó sì pe Jákọ́bù. Ẹ kíyè sí i pé Jákọ́bù kọ́ ni ó ronú ẹ̀tàn náà. Ẹ̀rù tilẹ̀ bà á pé bí bàbá òun bá fọwọ́ kan òun, àṣírí yóò tú, òun yóò sì gba ègún dípò ìre. Ìyá rẹ̀ ni ó ní kí ègún náà wá sórí òun. Ìyá ni ó se ẹran, ìyá ni ó mú aṣọ Ésáù wọ̀ ọ́, ìyá náà ni ó fi awọ ewúrẹ́ bò ó lọ́wọ́ àti lọ́rùn. Nígbà tí bàbá béèrè ẹni tí ó jẹ́, Jákọ́bù dáhùn pé Ésáù ni òun.

Ó rí ìre gbà lóòótọ́. Àwọn tí ó ń sọ pé irọ́ kì í so èso kankan kò ka ibí yìí dáadáa. Irọ́ máa ń so èso, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ésáù fẹ́ pa á, ó sá kúrò nílé, ó lo 20 ọdún lọ́dọ̀ Lábánì, ẹni tí òun náà tàn án jẹ. Rèbékà rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni ọmọ òun yóò lò lájò. Bíbélì kò sọ níbì kankan pé ó tún fojú kan ọmọ náà mọ́.

Àwọn bàbá wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún 20 ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti Jákọ́bù, òtítọ́ bá a létí odò Jábókù. Ẹni tí ó bá a jìjàkadì ní òru ọjọ́ náà béèrè orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè bàbá rẹ̀ ni ó tún padà dé yìí: ta ni ìwọ? Lọ́tẹ̀ yìí kò pe ara rẹ̀ ní Ésáù. Ó ní Jákọ́bù ni òun, orúkọ tí Ésáù ti fi bú u pé òun ni arẹ́nijẹ. Ìgbà tí ó dárúkọ ara rẹ̀ bí ó ti rí ni ó gba orúkọ tuntun. Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ títiro, ṣùgbọ́n ìre tí ó gbà ní ọjọ́ náà kò ní ẹ̀tàn nínú.

BÍ WỌ́N TI Ń BÉÈRÈ LÓNÌÍ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìwádìí ọdún 2018 tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 14.3 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà, láàárín ẹni ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ọ̀kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ obìnrin. Igbó ni ó pọ̀ jùlọ. Ní ọdún 2018 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú àti kíkó o wọ ìlú, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ohun mímu. Ọmọ tí ó mu ún nígbà náà lè máa sọ pé oògùn ikọ́ lásán ni. Bí ó bá jẹ́ pé kí ojú lè máa pọ́n ni ó ṣe mu ún, òun náà mọ̀ pé ikọ́ kọ́ ni òun ń wò.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹni tí ó fẹ́ di kọ́ńsítébù máa ń lọ fún àyẹ̀wò ara, ó sì máa ń mú onídùúró wá. Àyẹ̀wò ìtọ̀ lè fi hàn bí ènìyàn bá lo nǹkan láìpẹ́ yìí. Kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 4 sẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí a bá bi ọmọ ní ìbéèrè nípa àtẹ̀yìnwá, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí irọ́ ibẹ̀ fi rọrùn, ìdí nìyẹn náà tí òtítọ́ ibẹ̀ fi níye lórí.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà náà ń wọ iṣẹ́ agbófinró. Níbẹ̀, àjọ FBI ní ìlànà tí a kọ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá ti fa igbó láàárín ọdún 3 kò lè wọlé; ní 2021 wọ́n dín in kù sí ọdún 1 ṣáájú ọjọ́ tí ènìyàn kọ̀wé béèrè iṣẹ́. Fún àwọn oògùn olóró mìíràn, ọdún 10 ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa ohun tí ó ti lò kò lè wọlé rárá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yin ìyá: igbó ní iye ọdún tí wọ́n dá fún un, irọ́ kò ní. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ohun tí ó ṣe nígbà èwe kò bá má dí lọ́nà, tí ó jẹ́ pé "Rárá" tí ó kọ ni ó dí i lọ́nà.

ÌDÍ TÍ IṢẸ́ ỌLỌ́PÀÁ FI YÀTỌ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí wọ́n fi le koko tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu wà lára irin iṣẹ́ ọlọ́pàá. Yóò dúró ní ilé ẹjọ́, yóò búra, yóò ní òun rí i pé báyìí ni ọmọ ẹlòmíràn ṣe. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ náà lè lọ sẹ́wọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ nínú ẹjọ́ Brady ní 1963 àti ẹjọ́ Giglio ní 1972 pé agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó lè ran olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ pamọ́, títí kan ohun tí ó fi hàn pé ẹlẹ́rìí ìjọba kì í ṣe olóòótọ́. Nítorí náà, ọlọ́pàá tí àkọsílẹ̀ bá wà pé ó ti purọ́, ẹ̀rí rẹ̀ ti di aṣọ tí ó ti ya. Ẹnikẹ́ni lè na ìka sí i.

Ẹ tún rò ó wò. Ọmọ tí ó fi igbó tí òun fà rí pamọ́, òun náà ni yóò máa mú ọmọ aládùúgbò lójú pópó nítorí igbó. Pẹ̀lú ojú wo? Ẹni tí ó ti jẹ́wọ́ tirẹ̀ lè mú un pẹ̀lú àánú, kí ó sì gbà á níyànjú. Ẹni tí ó ń fi tirẹ̀ pamọ́ a máa le jù, kí a má baà fura sí i, tàbí kí ó gba owó, kí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ.

ÀWỌN ÀWÁWÍ WA

Èkíní: "Ọlọ́run ti dárí jì í." Àmín, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ẹ wo Pọ́ọ̀lù níwájú ọba Ágírípà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 26. Ó ro gbogbo bí ó ti sọ àwọn ènìyàn mímọ́ sẹ́wọ̀n, àti bí ó ti fọwọ́ sí ikú wọn. Ìdáríjì ni ó jẹ́ kí ó lè sọ ọ́. Ẹni tí Ọlọ́run ti fi òdodo Kristi bò kò tún nílò awọ ewúrẹ́.

Èkejì: "Ebi ń pa wá." A kò ní fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. A mọ àwọn ọmọ tí ó gba ìwé ẹ̀rí tán tí wọ́n ń gun ọ̀kadà. A kò sì ní tan yín pé gbogbo ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ ni yóò rí iṣẹ́ náà gbà. Ó lè pàdánù rẹ̀. Jákọ́bù tiro kúrò ní Jábókù. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a fi gba iṣẹ́, a ó máa bọ́ ọ bí ẹran ọ̀sìn ni. Bí ìgbéga bá dé, a ó tún un pa. Bí ọ̀rẹ́ àtijọ́ bá yọ, àyà yóò já. Bí a bá sì rí i lẹ́yìn ọdún 15, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ìtìjú ìgbà náà yóò ju ti òní lọ.

Ẹ̀kẹta: "Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é." Ananíà àti Sáfírà nìkan kọ́ ni ó ta ilẹ̀ nígbà ayé àwọn Àpọ́sítélì. Ilẹ̀ wọn ni, owó wọn ni, ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n pe apá kan ní odindi. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé Pétérù bi Sáfírà lọ́tọ̀. Wọ́n fún obìnrin náà ní àyè tirẹ̀ láti sọ òtítọ́, kò lò ó.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Kí fọ́ọ̀mù tó dé, kí ìyá jókòó ti ọmọ láìsí ariwo, kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni ó lò, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni ó lò ó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, kí ó kọ ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ọdún 2, kí ó má pè é ní ẹ̀ẹ̀kan.

2. Kí ó dáhùn ohun tí a bi í, kí ó sì dá a dúró síbẹ̀. Òtítọ́ kò ní kí a máa kéde ara wa lọ́jà. Kò sì ní kí a tú àṣírí ọ̀rẹ́ tí a kò béèrè.

3. Bí ẹ̀rù òfin bá ń bà á, kí ó kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò. Bí kò bá sì lè sọ òtítọ́, kí ó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. Kíkọ̀ láti béèrè iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn wà lábẹ́ ọ̀run.

4. Bí ọmọ kò bá tíì jáwọ́, ẹ má tì í sẹ́nu iṣẹ́ tí wọn yóò ti fún un ní ìbọn. Ẹ gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta àti èyí tí ó wà ní Yábàá ń tọ́jú irú wọn. Àìsàn kì í ṣe ìtìjú, kí a fi í pamọ́ ni ó ń sọ ọ́ di ìtìjú.

5. Bí wọ́n bá ní kí àwa fúnra wa ṣe onídùúró, tàbí kí a bá wọn bẹ àlùfáà kó kọ ìwé pé ọmọ náà kò fọwọ́ kan nǹkan rí, ẹ rántí Sáfírà. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀. Ìwé tí ó sọ pé ọmọ yìí ṣìnà, ó sì ti yí padà, a sì ti rí èso rẹ̀ fún ọdún báyìí, ìwé tí ó ní ìwọ̀n ni.

6. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé kíláàsì wa tún jẹ́ ibi tí ìyá ti lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó má sì bá a lọ́jà ní ọjọ́ kejì. Láti ọdún 1742 tí John Wesley ti dá kíláàsì sílẹ̀ ní Bristol ni a ti ń béèrè lọ́wọ́ ara wa bí ọkàn wa ti rí. Bí ọmọ bá rí i pé ìjọ lè gbọ́ òtítọ́ òun kí wọ́n má sì lé òun, kò ní ṣòro fún un láti sọ ọ́ níwájú ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin arábìnrin, àwọn ọmọ wa ń bọ̀ wá béèrè lọ́wọ́ wa kí àwọn tó dáhùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kọ́ wọn ní orúkọ tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, Ìwọ tí ó mọ orúkọ wa àti ohun gbogbo tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, fún àwọn ọmọ wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́. Fún àwa ìyá wọn ní ìfẹ́ tí kì í kọ́ni ní irọ́. Ẹni tí òtítọ́ bá mú kí ó pàdánù iṣẹ́, ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún un. Ẹni tí ó bá sì ń tiro, bá a rìn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.