Iná Tó Feérú Bojú: Ó Kú Ni àbí Ó Sùn?

Ààrò ni ibi tí a ń dáná igi tàbí èédú, ìbáà jẹ́ òkúta mẹ́ta tí a tò sílẹ̀, ìbáà jẹ́ amọ̀ tí a mọ, ìbáà sì jẹ́ àdògán onírin tó ṣeé gbé kiri. Ní àdúgbò Agric ní Ìkòròdú, níbi tí yàrá àwọn ayálégbé ti ń kọjú síra, àdògán ló wọ́pọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé sì ni àyè rẹ̀. Ti àwọn tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà, tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ: dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé, tàbí ògiri amọ̀ kúkúrú, tí wọ́n tẹ́ àwọ̀n onírin lé lórí kí ẹja lè jókòó.

Ohun èlò ààrò kò pọ̀. Ẹ̀mú ń mú ẹyín iná, abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ ẹ, irin gígùn kan ń rú u, páànù àlòkù kan sì wà fún eérú. Ní ti àdògán, irin tí èédú ń jókòó lé ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí ooru ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́. Ní ti ààrò ẹja, àwọ̀n ni wàhálà: bí wọn kò bá ha ọ̀rá tó gan mọ́ ọn, yóò máa kán sínú iná, iná á sì sọ lójijì, á jó ẹja dúdú. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí igi tútù ń ná ooru rẹ̀ sórí omi inú ara rẹ̀, èéfín ló sì fi ń san gbèsè.

Eérú gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bó bá pọ̀ jù lábẹ́ ẹyín iná, atẹ́gùn ò ní rí ọ̀nà wọlé, iná á máa ṣòjòjò. Bí wọ́n bá sì kó o tán, kò ní sí ohun tí wọn yóò fi bo iná lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á wọ́ ẹyín iná jọ sáàárín, wọ́n á da eérú kíkúnná bò ó. Ìwọ̀nba atẹ́gùn tó ń gba inú eérú kọjá kò jẹ́ kí èédú tètè jó tán, ooru rẹ̀ kì í sì í yára sá. Ní àfẹ̀mọ́jú, wọ́n á tú eérú náà, ẹyín iná kan á la ojú pupa. Koríko gbígbẹ díẹ̀, kí wọ́n fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, iná ti dé.

Yorùbá ní bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Níbi ìsìnkú àgbà ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde, ìdajì kejì ni gbogbo ènìyàn sì máa ń sáré bá, torí ọmọ ni wọ́n fẹ́ wúre fún. Ìdajì àkọ́kọ́ ṣòro jù ú lọ. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná òwúrọ̀ ńkọ́, ṣé iná àná ni? Igi rẹ̀ yàtọ̀, síbẹ̀ ẹyín iná kan ló so méjèèjì pọ̀. Eégún náà ń bojú, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní òkú lójúde. Ará ọ̀run tó wá kí ilé ni.

Ẹ̀sìn méjì tó wọ́pọ̀ jù ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ pípa iná lálẹ́, ìdájọ́ wọn kò sì jọra. Léfítíkù orí 6 pàṣẹ pé iná orí pẹpẹ kò gbọdọ̀ kú, àlùfáà á máa fi igi sí i láràárọ̀. Ó tún sọ irú aṣọ tí yóò wọ̀ kó eérú, àti pé yóò pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbé eérú náà jáde kúrò ní ibùdó. Hádíìsì tó wà nínú àkójọ Bùkhárì sọ òdìkejì: Ànọ́bì Muhammad pe iná ní ọ̀tá ènìyàn, ó sì ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tó sùn. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ni Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí jọ ń gbé, nítorí náà ẹni tó ni ààrò ní láti yan ọ̀kan lálaalẹ́.

Ìjà náà kò tó bó ṣe rí lójú. Pẹpẹ wà ní gbangba, àlùfáà sì ń ṣọ́ ọ. Ilé tí ènìyàn ń sùn sí ni hádíìsì ń bá wí. Kò sí èyí tó ka iná abẹ́ eérú sí òkú nínú àwọn méjèèjì. Yàrá Agric sì jẹ́rìí sí i: èédú tí wọ́n bò, tí wọ́n gbé wọlé nítorí òjò, tí wọ́n ti fèrèsé mọ́, ṣì ń mí. Ohun tó ń mí síta ni kábọ́ọ̀nù mónókísáìdì, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì lè pa àwọn tó sùn láìjí wọn. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ti hádíìsì ló tọ̀nà. Wọ́n á fi ẹ̀mú ṣa ẹyín iná sínú páànù níta, wọ́n á da omi lé e níbẹ̀. Omi kì í kan ààrò amọ̀ tó ṣì gbóná, torí ó lè là. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àtíbàbà ẹja ní Ẹ̀pẹ́ tí ògiri rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn ọ̀sà, eérú lè bo ojú iná di òwúrọ̀.

Wọ́n á yọ eérú tí wọn yóò lò lálẹ́ sọ́tọ̀. Èyí tó kù, àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú lè gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á bù ú sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé.