Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lórí Máàpù?

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ sọ ohun tí yóò dójú ti ẹbí rẹ̀, bí ohun náà bá jẹ́ òtítọ́? Kí olùkọ́ Jọ́gíráfì wa tó kó àwọn máàpù àtijọ́ wá sí kíláàsì ní sáà tó kọjá, “bẹ́ẹ̀ ni” ni ǹ bá dáhùn, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Irú máàpù tí wọ́n ń gbé fún wa nínú ìdánwò WAEC ni, èyí tí ń fi odò, ọ̀nà, abúlé àti gíga ilẹ̀ hàn. Sẹ̀ǹtímítà méjì lórí ìwé jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí kálukú wá ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ti ìyá mi ni mo kọ́kọ́ wá, torí pé òun ló rọrùn. Ará Ìdànrè ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ débẹ̀ yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Lórí máàpù, àwọn ìlà tí ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó fún mọ́ra níbẹ̀ bí ilà ojú. Bí ìlà bá ṣe fún mọ́ra tó ni òkè ṣe nira láti gùn tó. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá tàwọn máa ń sinmi kí wọ́n tó ru ẹrù ọjà dókè. Mo wo àwọn ìlà náà, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ti bàbá mi ni wàhálà. Ègùn ni wá, ní Àgbádárìgì. Abúlé wa wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Kò sí ìlà gíga kankan níbẹ̀ lórí máàpù. Mo rí abúlé wa, àmì dúdú bíńtín. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe orúkọ baba ńlá wa. Orúkọ baba ńlá ẹbí kejì ni, àwọn tí a jọ ń du oko àgbọn kan láti ìgbà tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé igbó ni baba ńlá wa bá níbẹ̀, pé òun ló kọ́kọ́ dáná níbẹ̀. Owó àgbọn oko yẹn ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé mi.

Mo fi han ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n ní, “Ṣé ilé-ìwé rán ọ pé kí o wá tà wá ni?” Wọ́n ní kí n fà á ya. Wọ́n ní òyìnbó ló ya máàpù, òyìnbó náà ló sì fa ìlà ní ọdún 1889 láàárín àwa àti àwọn ará wa tó wà ní Àjàṣẹ́. “Ṣé ìlà yẹn náà jẹ́ òtítọ́?”

N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ìsọkúsọ. Mo lọ bi olùkọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya irú máàpù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní fọ́tò ni wọ́n ń yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí odò, ọ̀nà àti òrùlé. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í dárúkọ. Ẹnìkan ní láti fẹsẹ̀ rìn wọ abúlé kí ó sì béèrè pé, “Kí ni ẹ ń pe ibí?” Bí etí rẹ̀ bá ṣe gbọ́ ọ ni yóò ṣe kọ ọ́. Nítorí náà, orúkọ orí máàpù kì í ṣe ẹ̀rí òyìnbó. Ẹ̀rí ẹni tí wọ́n bá nílé lọ́jọ́ náà ni.

Ta wá ni wọ́n bá nílé? Mo lọ bá bàbá àgbà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ka orúkọ náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Èdè Ègùn ni wọ́n fi dá mi lóhùn, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀: “Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà yẹn. Ṣé mo lè fi orúkọ bàbá mi pe ilẹ̀ ẹni tó gbà á lálejò, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa wò mí?”

Mo ti máa ń rò pé ènìyàn burúkú ló ń purọ́. Bàbá àgbà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ní ìgbà tí ilẹ̀ kò lówó lórí, òtítọ́ kò ná wọn ní nǹkan kan. Nígbà tó yá, a ní “oko wa”, lẹ́yìn náà “ilẹ̀ bàbá wa”, lẹ́yìn náà “igbó ni bàbá wa bá níbẹ̀”. N kò rí ọjọ́ tí irọ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Kí ló tilẹ̀ ń tì wá lójú? Wọ́n ní oko àgbẹ̀ kan ni ìlú wa ti gba orúkọ: àwọn Ègùn ń pè é ní Agbedegreme, oko Agbede, àwọn Yorùbá sọ ọ́ di Àgbádárìgì, òyìnbó sọ ọ́ di Badagry. Àwọn tó sá fún ogun Dahomey, lẹ́yìn tó gba Ouidah ní ọdún 1727, wà lára àwọn tó wá kún ìlú náà. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe ọmọ àtìpó níbí, kí ó rọra sọ ọ́.

Síbẹ̀ n kò gbà pé máàpù ti parí ọ̀rọ̀. Ilé tó fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá kò ju ìdámárùn-ún mìlímítà lọ lórí rẹ̀. Níbo ni sàárè yóò ti hàn? Àwọn òbí bàbá àgbà ń sùn sínú ilẹ̀ yẹn. Ó yẹ kí á lè sọ pé àlejò ni wá, kí á sì béèrè pé ìgbà wo ni àlejò ń di ọmọ ilé. Ìbéèrè yẹn dára ju irọ́ igbó lọ, bí ó tilẹ̀ lè ná mi ní owó ilé-ìwé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Bàbá àgbà ní kí n fi kànga wọn hàn wọ́n lórí máàpù. Kò sí níbẹ̀, mo sì fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹbí méjèèjì yóò ṣe ìpàdé. Wọ́n ní kí n gbé e dání.