Ariwo Aládùúgbò

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ ohun tí gbogbo ayálégbé mọ̀, pé ògiri a máa dá ibùsùn ènìyàn méjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kì í dá etí wọn sọ́tọ̀. Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, jẹ́ kí á jọ ro ìbéèrè kan: kí ni ó tọ́ kí ènìyàn ṣe fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ohun kan ṣoṣo tí ó pa wọ́n pọ̀ jẹ́ ògiri ilé?

Mú Jíbówú, ní apá Yábàá ní ìlú Èkó, ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà Ìkòròdú gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n sí ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ akérò ńláńlá tí ń lọ sí ìhà Ìlà-Oòrùn àti Òkè-Ọya. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn tí ń pe èrò ti máa ń ké. Nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń gbé inú ilé kan, tí ilẹ̀kùn ìyàrá kan dojú kọ òmíràn. Ìjẹ̀bú lè wà nínú ìyàrá kìn-ín-ní, kí Ígbò wà nínú èkejì, kí Ègùn wà nínú ẹ̀kẹta. Àlejò ni gbogbo wọn. Nínú agbo ilé, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń lu ìlù lóru, báálé yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìlù yóò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí báálé nínú ilé àyágbé. Onílé pàápàá lè máa gbé ní ibòmíràn, kí ó jẹ́ pé ìgbà tí owó ilé bá pé nìkan ni a ń rí i. Nítorí náà, olúkúlùkù ní láti jẹ́ báálé fún ara rẹ̀.

Irú jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà tí ó gbòde ní Nàìjíríà nítorí pé iná ìjọba kì í dúró. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “mo sàn ju aládùúgbò mi lọ.” Ẹ̀rín ni a fi ń pe orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ni ó ni ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ilé ni ó ni ariwo àti èéfín.

Ìjọba kò ṣàì fi òfin sí i. Àjọ LASEPA, tí ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fi lélẹ̀ pé ariwo ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ̀lì 55 lọ ní ọ̀sán, tàbí 45 ní òru. Dẹ́síbẹ̀lì ni a fi ń wọn ìró. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá ń bá ara wọn sọ lásán a máa tó nǹkan bí 60. Ní oṣù Ògọ́sì 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sáláṣí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní òkè òkun. Ọmọ Yorùbá tí ó bá lọ gbé ní Jámánì yóò rí i pé láti agogo 10 alẹ́ títí di agogo 6 òwúrọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń retí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1996 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ lórí ariwo inú ilé láti agogo 11 alẹ́ títí di agogo 7 òwúrọ̀.

Òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Jẹ́ kí á sọ pé nọ́ọ̀sì kan ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn. Agogo 8 òwúrọ̀ ni ó ń wọlé, tí oorun ti kún ojú rẹ̀. Télọ̀ ni ó wà nínú ìyàrá kejì. Ní agogo 8 gan-an ni òun ń tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọmọ mẹ́ta ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì? Kò sí. Iṣẹ́ òótọ́ ni ti télọ̀. Oorun tí ó tọ́ sí i ni ti nọ́ọ̀sì, ẹ̀mí àwọn aláìsàn sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá sùn. Òfin mọ aago, ṣùgbọ́n kò mọ ènìyàn. Aládùúgbò nìkan ni ó lè mọ̀ pé ọ̀sán ẹnì kan ni òru ẹlòmíràn. Bí àwọn méjèèjì bá jọ sọ̀rọ̀, télọ̀ lè gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó máa fi òwúrọ̀ gé aṣọ, kí ó sì fi ẹ̀rọ rán an lẹ́yìn agogo 2. Nọ́ọ̀sì náà lè fara da ariwo ní ọ̀sẹ̀ ọdún, nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ télọ̀.

Bí ìwọ ni ariwo ń yọ lẹ́nu, rántí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Má ṣe lọ ní òru tí inú ń bí ọ. Lọ ní ọjọ́ kejì, kí i dáadáa, kí o sì wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, èmi ni mo ń gbé ẹ̀yìn ògiri yín, mo ní ìdánwò lọ́la.” Má ṣe gbé ohùn rédíò tìrẹ sókè láti fi gbẹ̀san, ariwo méjì kò lè bí ìdákẹ́jẹ́ kan. Má sì ṣe fi ẹjọ́ sùn kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

O lè wí pé àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ létí, pé èébú ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Òótọ́ ni. Nígbà náà, pe àwọn àgbà inú ilé. Bí wọn kò bá rí i ṣe, ìjọba Èkó dá ibi ìlàjà sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú ní 1999, níbi tí a ti ń parí irú aáwọ̀ báyìí láìgba owó. Òfin ayálégbé ti 2011 ní Èkó náà fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Kì í ṣe ìwà ìkà láti béèrè ẹ̀tọ́ ẹni, bí a bá ti kọ́kọ́ fi ẹnu ẹ̀bẹ̀ béèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìwọ ni o ń pariwo. Má ṣe rò pé inú aládùúgbò rẹ dùn sí i nítorí pé kò sọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó lè máa bẹ̀rù rẹ. Ayálégbé tuntun lè máa tijú. Bí o bá fẹ́ ṣe àríyá, lọ sọ fún wọn ṣáájú, kí o sì sọ aago tí yóò parí. Bí o bá sì fẹ́ mọ irú ọmọlúàbí tí o jẹ́, má ṣe bi àwọn tí wọ́n ń bá ọ jó. Bi ẹni tí ń sùn ní ẹ̀yìn ògiri rẹ.