Ta Ni Yóò Dáhùn fún Oògùn Tí Kò Jẹ́?

Ní ọjọ́ ọjà Ikpinlè kan, ní agbègbè Adja-Ouèrè wa yìí, mo dúró ti ọkùnrin kan tí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ka orí ọkọ̀, tí ó ń polówó oògùn kan ṣoṣo. Ó ní oògùn náà ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìrọ́mọbí, àti egbò tí ó kọ̀ tí kò jinná. Yorùbá ni ó ń sọ, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ Faransé bíi mélòó kan há a láàárín kí a lè mọ̀ pé òun kàwé. Àwọn ìyá ń rà á. Nígbà tí èrò dín, mo bi í léèrè ibi tí a ti lè rí i bí oògùn náà kò bá jẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó ní oògùn òun kì í kọ̀, ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó sì tún gbé ohùn sókè.

Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá dárúkọ oníṣègùn èké, ohun méjì ni ó máa ń yá wa lẹ́nu: kò ní ìwé ẹ̀rí, tàbí ewé ni ó ń já. Kò sí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Àwọn àgbà wà ní ìgbèríko wa tí wọ́n ń to eegun, tí ẹni tí wọ́n tò sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí oko. Ní ti ìwé ẹ̀rí ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí Nàìjíríà tí ó múlé gbè wá. Ní ìparí ọdún 2008, omi oògùn kan tí a ń fún ọmọ tí ó ń hu eyín, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin, bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ọmọ ọwọ́. Àwọn tí ó kú lé ní 80. Ilé iṣẹ́ tí ó gba àṣẹ ni ó ṣe oògùn náà. Ohun olóró kan ni ó wọ inú rẹ̀. Òǹtẹ̀ wà lára ìgò náà, ikú sì wà nínú rẹ̀.

Àrùn kan wà ní ẹkùn wa tí ó lè là wá lóye ju àríyànjiyàn lọ, èyíinì ni egbò Buruli. Kòkòrò tí ó ń fà á jẹ́ ìbátan èyí tí ó ń fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kókó kékeré lábẹ́ awọ ni a sábà kọ́kọ́ máa ń rí, ní apá tàbí ní ẹsẹ̀, lára ọmọdé lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í dunni. Oró tí kòkòrò náà ń tú jáde ń jẹ ẹran ara, ó sì ń pa ìrora mọ́ ọn lẹ́nu. Ta ni yóò pa oko tì ní àsìkò ìroko nítorí ohun tí kò dun ọmọ? Nígbà tí yóò bá fi dá egbò sílẹ̀, oṣù ti gorí oṣù.

A ti dá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ lẹ́bi púpọ̀ lórí ìdádúró yìí, ẹ̀bi wọn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2004 tó dé, ọ̀bẹ ni ilé ìwòsàn gbójú lé: a ó gé ẹran tí ó bàjẹ́, a ó gé lára èyí tí ó dára mọ́ ọn, a ó sì bu awọ láti ibòmíràn bo ojú rẹ̀. Ẹni tí ó sá fún ọ̀bẹ yẹn kì í ṣe òpè. Ní ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn oògùn méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: rifampicin tí a ń gbé mì, àti abẹ́rẹ́ streptomycin lójoojúmọ́. Egbò ń jinná, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà lè ba etí jẹ́. Àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì wá ohun mìíràn. Ìwádìí tí a ṣe ní Gánà àti ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé clarithromycin, tí a ń gbé mì, lè rọ́pò abẹ́rẹ́ náà láìdí ìwòsàn lọ́wọ́.

Ibí gan-an ni mo ti rí ìyàtọ̀ tí mo ń wá. Oògùn ilé ìwòsàn náà pa àwọn kan lára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpalára náà ní ìwé tí a kọ ọ́ sí, ó sì ní ẹni tí a lè pè kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Títí di òní pàápàá, bí ọmọ iléèwé bá bi dókítà pé báwo ni kòkòrò Buruli ṣe ń wọ ara, yóò sọ pé àrùn náà ń bá omi tí kì í ṣàn dáadáa rìn, ṣùgbọ́n pé a kò tíì mọ ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Ọkùnrin ọjà Ikpinlè mọ gbogbo rẹ̀.

Àwọn baba wa ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Olóòótọ́ ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti sa gbogbo agbára rẹ̀. Èké ń sá pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó kù síbì kan, ibẹ̀ ni ó sì le jù fún mi. Lóde òní, àwọn dókítà gidi ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti nínú fóònù, wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ ọ̀kan nínú wọn tí ó ń fọkàn àwọn ìyá balẹ̀ pé kókó tí kò bá ti dun ọmọ, kí wọ́n má foyà, pé púpọ̀ nínú wọn ń lọ fúnra wọn. Irọ́ kọ́. Ní ìlú ńlá tí ó ti ń sọ̀rọ̀, bóyá òun ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀gbọ́n mi ní kókó kan lápá ọmọ rẹ̀ tí ó ń wò. Ó fọkàn balẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí, ó sì dúró.

Ṣé dókítà náà jẹ̀bi? Àwọn ọ̀rẹ́ tí mo bá jiyàn ní rárá, pé bí a bá ń dá irú wọn lẹ́jọ́, wọn yóò dákẹ́, ẹlẹ́rọ gbohùngbohùn ni yóò sì jogún afẹ́fẹ́. Mo gba èyí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn yóò burú jù. Síbẹ̀ mo rò pé díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ̀rọ̀ láìfọwọ́ kan ẹnì kan, ó jẹ wọ́n ní gbèsè gbólóhùn kan sí i: àwọn tí òun ń bá wí, àti ibi tí ìmọ̀ òun mọ. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti sọ pé ní ẹkùn tí Buruli wà, kókó tí kò dunni gan-an ni kí ẹ yára gbé wá.

Ẹni tí ó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá àgbàlagbà kan tí ń ta ewé àti egbò igi. Ewé ni ẹ̀gbọ́n mi wá rà. Bàbá náà fi ìka tẹ kókó náà, ó wo ojú ọmọ, ó tún un tẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ọwọ́ mi kò ká èyí. Pobè ni kí ẹ gbé e lọ, lónìí.” Nígbà tí ó rí i pé obìnrin náà ń ṣiyèméjì, ó ká ọjà rẹ̀, ó pe zémìjàn, ó sì bá wọn lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò Buruli níbẹ̀. Wọ́n lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Egbò ti jinná, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà kò nà tán mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bàbá náà a máa béèrè pé kí ni apá ọmọ náà wí.