Ìwé Ìbí Gladys Ukeje

Bí àlejò bá gun Òkè Patí ní Lọ́kọ́jà, wọ́n á mú un lọ sí ilé ìsinmi Lugard, wọ́n á mú un lọ sídìí igi osè ńlá kan tí àwọn tó ti wá ṣáájú ti fi ọ̀bẹ ya orúkọ wọn sí lára. Odò Ọya àti Bénúè ti pàdé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ fún un pé Flora Shaw dúró lórí òkè yìí, ó wo omi, ó sì sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn. Àmọ́ ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897 ni ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ orúkọ náà jáde, ọdún 1902 ni Lugard sì tó fi Flora ṣaya. Ẹnu ń sọ tirẹ̀, ìwé ń sọ tirẹ̀.

Ohun tó mú mi rántí Lazarus Ogbonnaya Ukeje nìyẹn, ọmọ Ìgbò tó fi Èkó ṣe ilé, tó ní ohun ìní níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀pẹ 1981. Kò ṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba àṣẹ kóòtù láti máa bójú tó ohun tó fi sílẹ̀. Gladys Ada, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní wọn ò lè yọ òun sílẹ̀, ló bá gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ bàbá náà rárá. Ta ni kó jẹ́rìí sí i? Ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an ti wà nínú sàréè.

Ìwé ìbí rẹ̀ ló mú jáde. Orúkọ Ukeje ló wà níbi tí wọ́n kọ bàbá sí. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó gbà á lọ́mọ, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà ò yí i padà, síbẹ̀ wọ́n tún gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọjọ́ 11 oṣù Igbe 2014 ni àwọn adájọ́ ibẹ̀, Bode Rhodes-Vivour ló kọ ìdájọ́ náà, sọ pé àṣà Ìgbò tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ tako abala 42 òfin ilẹ̀ wa. Ó ti lé ní ọdún 32 tí bàbá ti kú.

Yorùbá á gbọ́ èyí, á mirí, á ní ti Ìgbò nìyẹn, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, obìnrin ń jogún lọ́dọ̀ wa. Ẹ wá bi Suberu Dawodu ará Èkó léèrè: ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, kò sí ìwé ìhágún. Ṣé orí-ò-jorí ni ká fi pín in ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, àbí ìdí igi, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan? Ẹjọ́ ogún rẹ̀ rìn dé Lọ́ńdọ̀nù, ó di 1962 kí wọ́n tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi ni. Ọ̀nà mẹ́rin! Bí ìyá kan bá bímọ kan ṣoṣo, odindi ìdá kan di tirẹ̀. Àwọn tó pọ̀ nídìí ìyá wọn á máa fa ìdá kan náà ya mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èmi ò bá àwọn ọmọ wí. Bàbá tó lẹ́nu tí kò fi sọ̀rọ̀ ni mo ń bá wí.

Ìwé ìbí Gladys yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé akọ̀wé kan tó ti rẹ̀ ló kàn béèrè pé, "Ta ni bàbá ọmọ?" Ẹnì kan dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.