Ẹni A Bá Lábà: Bí Ó Ṣe Yẹ Ká Kí Òpìtàn Tó Ń Buwọ́ Lùwé

Ẹni a bá lábà ni baba, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀pọ̀ ohun tó sọ wá di ẹni tí a jẹ́ lónìí ló ti ṣẹlẹ̀ kí a tó dáyé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wà ní Ìgbájọ tàbí Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ dojú ìjà kọ ara wọn nínú ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn, tó fetí gbọ́, tó tú ìwé àtijọ́ wò títí ojú fi ń ta á, tó wá kó gbogbo rẹ̀ jọ fún wa, òun gan-an ni a bá lábà. Nítorí náà, bí òpìtàn tí a fẹ́ràn bá jókòó níbì kan tó ń buwọ́ lùwé, bí ọmọ ṣe ń lọ kí baba tàbí ìyá rẹ̀ ló yẹ ká lọ bá a. Kò yẹ ká na ìwé sí i bí ìgbà tí èrò ń na owó ọkọ̀ sí kọ̀ndọ́.

Ó máa ń dùn mí pé níbi ìkójáde ìwé nílẹ̀ wa, olówó la máa ń gbé makirofóònù fún. Alága á sọ̀rọ̀, olóṣèlú á sọ̀rọ̀, wọ́n á kéde iye tí kálukú dá, ẹni tó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin á sì jókòó sẹ́yìn láì rí ẹni bi í léèrè ohun tó bá níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá tó tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí òǹkọ̀wé mú pẹ́ẹ̀nì dání ni àkókò tiwa. Àwa náà ló sì máa ń fi ṣòfò. Fóònù la máa ń kọ́kọ́ gbé sókè. Bẹ́ẹ̀, ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ìlú Ìbàdàn ni mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá kan ni mo tò sẹ́yìn wọn. Ìwé ọwọ́ wọn ti gbó, sẹ́lótéèpù ló di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọ́n sì ti fa ìwé ìròyìn ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi sàmì sí ojú-ewé mẹ́ta. Nígbà tó kàn wọ́n, wọn kò na ìwé. Wọ́n fọwọ́ kan fìlà, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ kú làálàá. Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa." Òǹkọ̀wé náà, tí kò tó ọmọ bíbí inú wọn, ti dìde kí wọ́n tó parí àdúrà, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá ṣí ìwé, wọ́n fi ìka lé ìlà kan.

"Baba tó bí baba mi ló tẹ̀ lé balógun tí ẹ dárúkọ níbí yìí. Ó bá a dé Kírìjì. Orúkọ tirẹ̀ kò sí nínú ìwé, mo ní kí n wá sọ ọ́ fún yín."

Òpìtàn náà fa ìwé pélébé kan yọ lápò. Ó ní kí bàbá tún orúkọ náà pè. Ó bèèrè agboolé, ó bèèrè oríkì, ó ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìlà dúró gbagidi, kò sí ẹni tó kùn nínú àwa tó wà lẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán ni bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó buwọ́ lu ìwé náà fún ọmọ-ọmọ àwọn, wọ́n sì ń pe lẹ́tà orúkọ ọmọ náà fún un níkọ̀ọ̀kan.

Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣèmíì. Àmọ́ ìyìn tó ń wọ òpìtàn lára ni ìyìn tó lójú-ewé. "Ìwé yín dùn gan-an" kò burú. Ẹ kúkú sọ ibi tó ti dùn. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ojú èrò kọ́ ni à ń ti í tú u. Ẹ kọ ọ́ sí bébà, kí ẹ fi ojú-ewé rẹ̀ kún un, kí ẹ rọra fi lé e lọ́wọ́. Ẹ má sì gbé ayédèrú ìwé síwájú ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó ra ayédèrú ti bá ọlọ́ṣà ru ẹrù náà. Ìwé tó ti gbó kò tini lójú rárá, kíkà ló gbó o.

Nígbà tó kàn mí, ìbéèrè kan péré ni mo bi í: ta ló sọ ìtàn inú orí kẹta fún un? Ó gbé pẹ́ẹ̀nì dúró. Ó ní ìyá arúgbó kan ni, pé ìdí ààrò ni àwọn jókòó sí, ìyá náà ń koná bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì. Láti ọjọ́ náà, n kò tún lè ka orí náà kí n má rí èéfín.

Bí wọ́n ṣe ń kó ìtàn jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti ẹnu dé ẹnu. Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà tí ogun ṣojú wọn ni Àlùfáà Samuel Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ nípa ìtàn Yorùbá. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846, Ìbàdàn ló gbé dàgbà, Ọ̀yọ́ ló ti ṣe àlùfáà, ó sì wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti bùdó ogun kan dé èkejì ní 1886. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù mọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, ó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú agbami, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ti gbà pé ìwé náà ti bá òkun lọ kí wọ́n tó tún rí i. Obadiah náà kú ní 1920.

Ọdún 1921 ni ìwé tó jáde. Ẹ̀gbọ́n kò rí i, àbúrò kò rí i. Nínú gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ tó wà láyé, kò sí ọ̀kan tí Samuel Johnson buwọ́ lù fún ẹnikẹ́ni.

Bí òpìtàn tí ẹ fẹ́ràn bá ṣì wà láyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wádìí ọjọ́ tí yóò jókòó buwọ́ lùwé. Ẹ bèèrè orúkọ àwọn baba ńlá yín lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù nílé kí ẹ tó lọ.